Ẹni tó gbá báskẹ́tìbọ́ọ̀lù rí, ṣé òun náà ló mọ̀ ọ́n kọ́ni jù?

Nílùú Abuja níbí, àti ní Kaduna, Kano àti Jos pẹ̀lú, bákan náà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń yan akọ́nimọ̀ọ́gbá. Agbábọ́ọ̀lù tó lórúkọ á fi bàtà kọ́, orúnkún ti ń dùn ún, kò lè sáré bíi tàtijọ́ mọ́. Kí oṣù tó parí, fèrè ti wà lọ́rùn ẹ̀, àwọn ọmọ ti ń pè é ní "Coach". Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló mọ̀ nípa kíkọ́ èèyàn. Ohun tó fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣe lórí pápá ni wọ́n kà sí ìwé ẹ̀rí fún un.

Mi ò lòdì sí kí agbábọ́ọ̀lù di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ohun tí mo lòdì sí ni kó kúrò lórí pápá ní Sátidé, kó sì gba ẹgbẹ́ ní Mọ́ńdè. Iṣẹ́ méjì ni. Ọdún tí èèyàn lò láàárín iṣẹ́ kìíní àti ìkejì, àti ohun tó fi ọdún ọ̀hún ṣe, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń ka ife, torí náà ẹ jẹ́ ká bá wọn kà á. Láti 2019 dé 2025, akọ́nimọ̀ọ́gbá méje ló gba ife NBA, líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà: Nick Nurse ní Toronto, Frank Vogel ní Lakers, Mike Budenholzer ní Milwaukee, Steve Kerr ní Golden State, Michael Malone ní Denver, Joe Mazzulla ní Boston, Mark Daigneault ní Oklahoma City. Nínú àwọn méjèèje, Kerr nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù ní NBA rí. Daigneault ò tilẹ̀ gbá fún yunifásítì tó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá ẹgbẹ́ UConn (Yunifásítì Connecticut) tọ́jú ètò ìdánrawò ni. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní ẹjọ́ ti tán. Àmọ́ ẹ wo ọdún mẹ́rin tó ṣáájú. Láti 2015 dé 2018, Kerr gba mẹ́ta, Tyronn Lue gba ọ̀kan pẹ̀lú Cleveland, àwọn méjèèjì sì gbá NBA. Tẹ́ ẹ bá tún lọ sẹ́yìn, Phil Jackson gba 11, Pat Riley gba 5, agbábọ́ọ̀lù NBA làwọn náà. Red Auerbach gba 9, Gregg Popovich gba 5, wọn ò sì gbá NBA rí. Ibi tí oníkálukú bá ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ni ìdáhùn tó fẹ́ ti máa bá a.

Irú agbábọ́ọ̀lù táwọn tó yege jẹ́ ló yẹ ká wò. Pọ́íǹtì 6.0 ni Kerr ń jẹ nínú eré kan, tá a bá pín gbogbo ìgbà tó fi gbá NBA. Jackson ń jẹ 6.7, Riley 7.4, Lue 8.5. Michael Jordan, tí Kerr bá gbá ní Chicago, ń jẹ 30.1. Àwọn mẹ́rin yìí kì í ṣe ẹni tí ẹgbẹ́ gbójú lé láti jẹ gbogbo pọ́íǹtì. Wọ́n pẹ́ lórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń wo eré, wọ́n sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ní káwọn wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré, àwọn gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí oníkálukú máa dúró kí bọ́ọ̀lù tó kan ọwọ́ àwọn. Orí ni wọ́n fi jẹun nídìí bọ́ọ̀lù, orí náà ló sì bá wọn dé ìdí fèrè.

Ẹ tún wo iye ọdún tó wà láàárín. Jackson fi bàtà kọ́ ní 1980. Ó kọ́ Albany Patroons nínú líìgì kékeré, ó lọ sí Puerto Rico, ó di igbákejì ní Chicago ní 1987, ọdún 1989 ló tó di ọ̀gá. Riley fi bàtà kọ́ ní 1976, ó ń sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ tí eré bá ń lọ, ó di igbákejì ní 1979, ó gba Lakers ní 1981. Ọdún mọ́kànlá ni Kerr lò. Ó ṣe ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì Phoenix, ó tún ń ṣàlàyé eré lórí tẹlifíṣọ̀n, kó tó gba Golden State ní 2014. Erik Spoelstra tiẹ̀ wọ Miami ní 1995 láti inú yàrá fídíò, níbi tí wọ́n ti ń gé eré sí wẹ́wẹ́ fáwọn ọ̀gá. Ọdún 2008 ló di ọ̀gá, ó sì gba ife ní 2012 àti 2013.

Wàyí o, ẹ fi wọ́n wé àwọn tó fò kọjá láìdúró. Magic Johnson, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù yìí gbá jù láyé, gba Lakers ní 1994 láìjẹ́ igbákejì ẹnikẹ́ni rí; eré 16, ó borí nínú 5, ó pàdánù 11, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Derek Fisher ṣì ń gbá fún Oklahoma City ní oṣù karùn-ún ọdún 2014. Oṣù kẹfà, ó ti di ọ̀gá ní New York. Ní ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀, wọ́n borí nínú 17, wọ́n pàdánù 65. Kí n má bàa ṣe ojúsàájú: Jason Kidd náà fò kọjá bẹ́ẹ̀ ní 2013, ó sì gbé Brooklyn dé ìpele kejì nínú ìdíje ife ní ọdún àkọ́kọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ẹgbẹ́ tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ò gbọ́dọ̀ fi gbogbo sáà kan ta tẹ́tẹ́ pé ti Kidd ni tiwọn máa jọ.

Larry Bird ni àpẹẹrẹ ìràwọ̀ ńlá tí mo fẹ́ràn jù. Ó gba àmì ẹ̀yẹ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dáa jù ní 1998 pẹ̀lú Indiana, ó sì gbé wọn dé àṣekágbá ní 2000. Ẹ wo bó ṣe ṣe é: ó fi dífẹ́ǹsì (dídí alátakò lọ́nà) lé Dick Harter lọ́wọ́, ó fi ọ̀fẹ́ǹsì (wíwá pọ́íǹtì) lé Rick Carlisle lọ́wọ́, òun fúnra ẹ̀ á jókòó jẹ́ẹ́ tí eré bá ń lọ. Ó mọ ibi tí ìmọ̀ òun mọ.

Kí wá ni ìṣòro ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá gan-an? Ọwọ́ ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ẹnu ẹ̀ ò lè kà á mọ́. Ẹ bi ìyá tó ti ń gún iyán fún ogún ọdún pé omi tó tó mélòó ló ń ta sínú odó. "Ojú ni mo fi ń wò ó," ni yóò sọ, òótọ́ ló sì sọ. Àmọ́ ọmọ tó dúró tì í láti kọ́ ọ ò tíì ní ojú yẹn.

Ẹ mú layup, ìyẹn sísáré dé abẹ́ ríìmù kéèyàn fò gbé bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọdé ń kọ́. Agbábọ́ọ̀lù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fèrè á sáré wọlé, á fi bọ́ọ̀lù síbẹ̀ wẹ́rẹ́, á ní, "Ṣẹ́ ẹ ti rí i? Ó yá." Nínú ọmọ mẹ́wàá, mẹ́jọ á fi ẹsẹ̀ òdì fò. Á tún ṣe é hàn wọ́n, ó tiẹ̀ tún yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n á tún ṣì í. Inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, á máa rò pé àwọn ọmọ ò fara balẹ̀.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti ìparí. Á mú ṣọ́ọ̀kì, á fa ìlà kékeré méjì sórí kọnkéré lápá ọ̀tún ríìmù, níbi tí ọmọ ti lè rí igun òkè onígun mẹ́rin kékeré ara pátákó dáadáa. Ìlà kan á jìnnà sí abẹ́ ríìmù tó bíi mítà kan, ìkejì bíi mítà méjì ó lé díẹ̀. Ọmọ á kọ́kọ́ dúró sórí ìlà tó sún mọ́ ríìmù, ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀, bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ọ̀tún. Á gbé orúnkún ọ̀tún sókè, á fò, á gbé bọ́ọ̀lù sí igun onígun mẹ́rin yẹn. Kò sí eré sísá, kò sí dríbù (lílu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀). Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ló máa wá sún sẹ́yìn: ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí ìlà tó jìnnà, òsì sórí èyí tó sún mọ́, fò. Ọ̀tún, òsì, fò. Ní Kano tàbí Kaduna, tí àwọn ọmọ tó wà níwájú ẹ bá jẹ́ Hausa, "dama, hagu" ni kóo pè é, torí ọmọ tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lórí kò lè ráyè tú ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti tọ̀nà ni dríbù kan ṣoṣo máa wọ̀ ọ́, bọ́ọ̀lù á lu ilẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ òsì bá ń balẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀tún, òsì. Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni eré sísá láti ìlà pọ́íǹtì mẹ́ta.

Àṣìṣe ibẹ̀ ò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ìdí tiẹ̀. Ọmọ tó ń fi ẹsẹ̀ òdì fò sábà máa ń tètè kó bọ́ọ̀lù jọ sọ́wọ́, ìṣísẹ̀ kan ti sọnù lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó dé ìlà. Dá a padà sí ìpele kejì, má pariwo mọ́ ọn. Tí bọ́ọ̀lù bá ń lu abẹ́ ríìmù, ìṣísẹ̀ kejì ló gùn jù: ti àkọ́kọ́ ló yẹ kó gùn, ti ìkejì á kúrú, kí eré tí ara ń sá lè yíjú sókè. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ń ta lára pátákó jáde, ọmọ náà ń jù ú ni. Ara tó ń sáré ti fún bọ́ọ̀lù lágbára tẹ́lẹ̀, gbígbé ló kù kó gbé e síbẹ̀. Èyí tó sì ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá níwájú ikùn láti òsì sí ọ̀tún, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ eré, kódà kó má pàdánù ẹyọ kan nígbà ìdánrawò.

Bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ńkọ́? Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ojú ẹ̀ ti mọ́ bọ́ọ̀lù àgbà á kó saisi 7 fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, á ní kó jù ú sí ríìmù tó ga ní mítà 3.05. Ọmọ yẹn ò lágbára ẹ̀. Á gbé bọ́ọ̀lù láti ìbàdí, á fi ọwọ́ méjèèjì tì í bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́, ọwọ́ náà á sì mọ́ ọn lára títí tó fi máa di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Saisi 5 ni bọ́ọ̀lù ọmọdé, mítà 2.60 sì ni gíga ríìmù wọn. Tí ẹ ò bá ní ríìmù kékeré, ẹ lẹ ìlà kan mọ́ ògiri ní gíga yẹn, kí wọ́n máa jù ú síbẹ̀. Saisi 6 ni ti àwọn obìnrin, 7 ni ti ọkùnrin tó ti dàgbà.

Ìrántí tún máa ń tan àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù nípa òfin. Ẹni tó gbá kí 2000 tó dé, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n fún un láti ju bọ́ọ̀lù, ààbọ̀ méjì ogún ìṣẹ́jú ni eré sì jẹ́. Ọdún yẹn ni FIBA, àjọ tó ń darí báskẹ́tìbọ́ọ̀lù lágbàáyé, sọ ọ́ di 24, tó sì pín eré sí kọ́tà mẹ́rin. Ní 2010, ìlà pọ́íǹtì mẹ́ta kúrò ní mítà 6.25, ó di 6.75. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2017, ẹni tó gba bọ́ọ̀lù lórí ìrìn lè gbé ẹsẹ̀ kan balẹ̀ kí kíka ìṣísẹ̀ méjì tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, títí di òní, ẹ máa rí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń fọn fèrè "travelling" (gbígbé ìṣísẹ̀ jù láìlu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀) mọ́ ọmọ tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ó ń gba ohun tó tọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, kò sì mọ̀.

Mo ti bá agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ wí tó. Ó ní nǹkan mẹ́ta tí ẹlòmíì máa ń tiraka fún ọdún púpọ̀ kó tó ní.

Etí àwọn ọmọ ni àkọ́kọ́. Tó bá ní kí wọ́n sùn sílẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ lórí kọnkéré, wọ́n á sùn, torí wọ́n mọ̀ pé òun náà ti bó lórúnkún rí. Ìkejì, ó ń rí àárẹ̀ kí ẹni tó rẹ̀ tó mọ̀: ọwọ́ tó ń di ṣòkòtò mú nígbà free throw (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù láìsẹ́ni tó ń dí wọn, lẹ́yìn tí alátakò bá rú òfin), ẹni tó ń sáré padà pẹ̀lú orí sílẹ̀, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú tó ń lu iwájú ríìmù. Bọ́ọ̀lù tó kúrú jẹ́ àmì ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ tó bàjẹ́.

Ìkẹta ni àsìkò. Ẹ wo pick and roll, ìgbà tí alábàáṣe ẹni tó ń dríbù bá wá dí ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́nà (ìdínà yẹn ni screen), tó sì yí lọ sídìí ríìmù. Ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù ò rí ẹ̀yìn ara ẹ̀, kò mọ̀ pé òmìrán kan ń bọ̀ wá dúró dí i lọ́nà. Alábàáṣe tó wà lẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti pariwo "screen, òsì!" kí òmìrán yẹn tó dúró; tó bá pẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ohùn yẹn ò wúlò mọ́. Nígbà náà ni ẹni tó ń ṣọ́ á gbé ẹsẹ̀ kan kọjá lókè, á fi èjìká há ara ẹ̀ sáàárín òmìrán àti ìbàdí ẹni tó ń dríbù. Ẹni tí kò gbá rí máa ń ya èyí sórí pátákó pẹ̀lú ọfà méjì. Ọfà ò ní ìgúnpá. Ẹni tó ti kọlu òmìrán bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀dógún nínú eré kan mọ̀ pé èjìká ló ń ṣíwájú, ó sì lè fi ọwọ́ tì yín síbi tó yẹ kẹ́ ẹ wà.

Ibi tí ẹni tí kò gbá rí ti ń ṣìnà nìyẹn: ètò tó rẹwà lórí ìwé, tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ò sì lè bá a dé ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ tí òfin fún wọn láti gbé bọ́ọ̀lù kọjá àárín pápá.

Àmọ́ lórí bẹ́ńṣì, ọ̀tọ̀ ni bàtà, ọ̀tọ̀ ni ìwé. Òfin FIBA fún ẹgbẹ́ ní timeout (ìdádúró eré tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ń béèrè) méjì ní ààbọ̀ àkọ́kọ́, mẹ́ta ní ìkejì, nínú ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn kọ́tà kẹrin ẹ ò sì lè lò ju méjì lọ. Èyí tí ẹ kò lò ní ààbọ̀ àkọ́kọ́ kò ní tẹ̀ lé yín. Ẹni tí inú ń darí á ti ná méjèèjì tán ní kọ́tà kìíní nítorí rẹfirí bí i nínú. Ìṣẹ́jú kan ni timeout. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n mu omi, kí ara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Ní àkókò yẹn, igbákejì ń sọ ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀ fún ọ̀gá. Ìṣẹ́jú àáyá 30 fún ọ̀rọ̀: ohun kan fún dífẹ́ǹsì, ohun kan fún ọ̀fẹ́ǹsì, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó kù, bi ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù pé, "Kí la fẹ́ ṣe?" Tí kò bá lè sọ ọ́, wọn ò gbọ́ ọ.

Ìṣirò kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ṣe, agbábọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ pàápàá, torí òun ló ń bá ojú wí nígbà tí ojú bá ń parọ́. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹ ju bọ́ọ̀lù sí ríìmù. Ẹ fi iye free throw tí ẹ ti sọ di púpọ̀ lọ́nà 0.44 kún un. Kì í ṣe gbogbo free throw ló ń parí àsìkò tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ yín, ìdí nìyẹn tí a fi ń dín in kù. Ẹ yọ rebound (bọ́ọ̀lù tí kò wọlé tó ta padà) tí ẹ gbà lábẹ́ ríìmù àwọn alátakò kúrò, ẹ fi turnover (bọ́ọ̀lù tó bọ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó jù ú) kún un. Ká ní ẹgbẹ́ kan ju 62, wọ́n gba free throw 20, rebound iwájú 10, turnover 18. Ó jẹ́ 62, pẹ̀lú 8.8, ẹ yọ 10, ẹ fi 18 kún un: bíi 79. Tí wọ́n bá jẹ pọ́íǹtì 68, 0.86 ni wọ́n ń jẹ nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ yọ 18 tí wọ́n sọnù láìjù kúrò nínú 79, ó ku 61, ìyẹn sì jẹ́ pọ́íǹtì 1.11 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ yìí mọ bọ́ọ̀lù jù sí ríìmù. Ọwọ́ wọn ló ń jò. Tí turnover bá wálẹ̀ láti 18 sí 12, pọ́íǹtì mẹ́fà sí méje á wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ̀nà tuntun láti ju bọ́ọ̀lù. Ojú lásán á ti sọ pé "àwọn ọmọ yìí ò mọ̀ ọ́n jù", wọn á sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ohun tí kò bàjẹ́.

Ìṣirò yìí kan náà ló ń dáhùn ìjà àtijọ́ nípa bọ́ọ̀lù jíjù láti àárín. Ẹni tó ń wọlé 40 nínú 100 láti mítà márùn-ún, 0.8 ló ń mú wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń wọlé 34 nínú 100 láti ẹ̀yìn ìlà pọ́íǹtì mẹ́ta, ó lé díẹ̀ ní 1.0. Ọ̀pọ̀ àgbà agbábọ́ọ̀lù fẹ́ràn bọ́ọ̀lù àárín torí òun ló sọ wọ́n di ẹni tí wọ́n jẹ́, ó sì ń dùn wọ́n láti jẹ́ kó lọ.

Nílé wa níbí, D'Tigress, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Nàìjíríà, fi gbogbo èyí hàn. Ní 2017, Sam Vincent ló gba ife AfroBasket, ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà, fún wọn, òun tó wà nínú ẹgbẹ́ Boston tó gba ife NBA ní 1986. Otis Hughley gba ti 2019 àti 2021. Rena Wakama wá gba ti 2023 àti 2025. Obìnrin yìí gbá fún Western Carolina, ó wọ aṣọ D'Tigress, lẹ́yìn náà ló lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì ní Amẹ́ríkà kó tó gba ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní Paris 2024, wọ́n na Australia 75 sí 62, wọ́n na Canada 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú báskẹ́tìbọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì. Ó gbá, ó tún kọ́ṣẹ́. Ní ti àwọn ọkùnrin, Will Voigt tó gba AfroBasket 2015 fún D'Tigers ò gbá NBA. Mike Brown tó wà nídìí wọn nígbà tí wọ́n na Amẹ́ríkà 90 sí 87 ní Las Vegas ní oṣù keje ọdún 2021 náà ò gbá a. Masai Ujiri tó dàgbà ní Zaria gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, kò dé NBA. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi wíwá agbábọ́ọ̀lù fún Orlando láìgba owó oṣù, ó sì dé ipò olórí Toronto tó gba ife 2019.

Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ kan ní Abuja tàbí ìlú mìíràn lókè Ọya ṣe kò la owó ńlá lọ. Tí agbábọ́ọ̀lù yín bá fi bàtà kọ́, ẹ fún un ní sáà méjì kó tó di ọ̀gá. Ní sáà kìíní, kó mú ìwé àti bírò, kó máa kọ turnover àti rebound sílẹ̀ fún gbogbo eré, kó sì máa kọ́ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọmọ kékeré ni olùkọ́ olùkọ́, torí kò lè bo àṣìṣe ẹ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bùn tiẹ̀. Kó gbé fóònù kan sórí ìdúró lókè ìjókòó, kó ya eré, kó gé e sí àwòrán mẹ́wàá péré tí yóò fi han ẹgbẹ́. Sáà kejì, igbákejì ni. Dífẹ́ǹsì nìkan ni kó wà níkàáwọ́ ẹ̀.

Kó tún kọ́ láti kọ ètò ìdánrawò sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Fún wákàtí kan ààbọ̀: 10 fún mímú ara gbóná, 15 fún ẹsẹ̀ àti dríbù, 20 fún jíjù pẹ̀lú àárẹ̀ lára, 20 fún dífẹ́ǹsì ẹni mẹ́ta sí mẹ́ta, 20 fún eré gidi tó ní àmì, 5 fún free throw kí wọ́n tó lọ. Omi láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, tí oòrùn bá mú kọnkéré gbóná, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kó bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó parí tó bá bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí náà aago mẹ́rin ààbọ̀ ni. Eruku ọyẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ bàtà: aṣọ títẹ́ tó tutù díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, kí wọ́n máa nu àtẹ́lẹsẹ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ́ yíyíra lójijì kí wọ́n tó gbá ilẹ̀. Bọ́ọ̀lù á rọ̀ láàárọ̀ tó bá tutù. Ẹ jù ú sílẹ̀ láti èjìká, tí kò bá ta dé ìbàdí, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́. Nínú ààwẹ̀, free throw àti rírìn ètò ló dára kí wọ́n tó ṣínu, iṣẹ́ líle á dúró de ẹ̀yìn ìrun àṣámù, tí iná bá wà.

Lẹ́yìn sáà méjì yẹn, ẹ dán an wò. Ẹ fún un ní ọmọ mẹ́jọ tí kò mọ̀ rí, bọ́ọ̀lù mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjìlá. Kó kọ́ wọn ní ohun kan tí wọn ò mọ̀, kó má sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀. Ẹ ṣọ́ iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù; tí ọmọ kan bá wà lórí ìlà fún ju ìṣẹ́jú kan lọ láìṣe nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún ọmọ tó ṣì í lẹ́ẹ̀kẹta: ṣé ohun tuntun ni, àbí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ló tún fi ohùn òkè sọ? Tí ìṣẹ́jú méjìlá bá pé, ẹ pe ọmọ tó kéré jù nínú wọn sí ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tó kọ́ fún yín.